Ìbọ̀wọ́ Ọ̀tún Tí Mo Rà fún Ọ

District Heights, Maryland
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀

Fọlákẹ́mi, Àṣàkẹ́ mi, ọmọ àdúrà ọdún mọ́kànlá,

Mo kí ọ, ìyá rẹ náà sì kí ọ. A délé láyọ̀. Táyà kò jò, ẹ́ńjìnnì kò gbóná, ọlọ́pàá kò sì dá wa dúró lójú ọ̀nà. Mo mọ̀ pé ìyá rẹ ti sọ èyí fún ọ lórí fóònù, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó wà lákọsílẹ̀, nítorí pé èmi ni mo sọ kí a tó gbéra pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò ṣẹlẹ̀.

Ó ti di ọ̀sẹ̀ méjì báyìí tí o bi mí ní ìbéèrè kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bésíbọ́ọ̀lù tí o ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá rẹ ti wọ mọ́tò. O di apá mi mú, o ní, "Dádì, ṣé kí n fọwọ́ sí i?" Dípò kí n dá ọ lóhùn, mo wúkọ́. Mo ní òtútù ń mú mi. Oṣù kẹfà ni a wà, Àṣàkẹ́. Kò sí òtútù kankan níbẹ̀.

Mo mọ ohun tó wà nílẹ̀. Ọdún kan tí wọ́n fi dán ọ wò ti pé. Wọ́n ti fún ọ ní ìwé pé kí o di òṣìṣẹ́ wọn títí lọ, wọ́n sì fẹ́ èsì kí oṣù yìí tó parí. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí èmi fúnra mi fi dandan lé pé kí o gba àyè sí náà ń retí èsì rẹ lópin oṣù yìí kan náà. O ní o kò ní fọwọ́ sí èyíkéyìí nínú ìwé méjèèjì láìgbọ́ ohùn mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni ọ́, ní ilẹ̀ tí ọmọ ọdún méjìdínlógún ti ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ òun kò kàn án. Ìyẹn nìkan tó ohun tí bàbá yóò torí rẹ̀ jókòó kọ lẹ́tà gígùn. Fara balẹ̀ kà á. Èsì rẹ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Mo mọ̀ ọ́.

Mo fẹ́ fi nọ́ńbà sí àwọn ìmọ̀ràn mi. Ìyá rẹ ní kí n má sọ lẹ́tà di ìwé òfin. Jẹ́ kí a wo bí yóò ṣe rí.

Àkọ́kọ́: má ṣe jẹ́ kí lẹ́tà sùn sábẹ́ ìrọ̀rí.

Nígbà tí mo jáde ilé-ìwé girama ní Ìbàdàn, wọ́n kọ lẹ́tà sí mi pé kí n wá sí Ọ̀yọ́, kí n wá kọ́ iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀. Kò sí ohun tí mo fẹ́ràn tó yíya àwòrán ilẹ̀ nígbà náà. Nínú kíláàsì wa, èmi nìkan ni mo lè ya odò Ọya láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìwo ìwé. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà yẹn ti dé ni ẹ̀rù dé. Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ máa ń wọ inú igbó, ejò ńkọ́? Èmi nìkan ni ìyá mi bí. Ta ni yóò máa pọn omi fún wọn? Bí mo bá sì sọnù sínú igbó ńkọ́? Wò ó o, ẹni tí wọ́n fẹ́ kọ́ ní máàpù yíyà ló ń bẹ̀rù pé òun yóò sọnù.

Mo tẹ lẹ́tà náà sábẹ́ ìrọ̀rí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mo wá gbéra dé Ọ̀yọ́, akọ̀wé tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà wo lẹ́tà, ó wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀, ó sì wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ìgbín lo gùn wá ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ń ronú ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Máa ronú lọ. Àwọn tí kò ronú ti wà nínú kíláàsì."

Bí mo ṣe di akọ̀wé ilé ìkẹ́rù nìyẹn, títí mo fi tẹ̀lé ìyá rẹ wá sí ìlú yìí tí mo sì di awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. N kò kábàámọ̀ bọ́ọ̀sì yẹn. Kò sí ọmọ kan tó fara pa lọ́wọ́ mi rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ tẹ ìjúwe ọ̀nà jáde láti inú kọ̀ǹpútà fún ìrìn àjò wa, tí o sì rí i nígbà tí a dé pé mo ti fi pẹ́ńsù ya gbogbo ọ̀nà náà sí ẹ̀yìn rẹ̀, odò àti afárá rẹ̀, o rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin tí kò dé Ọ̀yọ́ lásìkò ló yà á.

Máa bẹ̀rù bí o bá fẹ́. Ẹ̀jẹ̀ mi wà lára rẹ, kò sí bí o ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n ká ẹ̀rù náà sínú àpò, kí o sì máa rìn lọ. Ó lè bá ọ dé ibi tí o ń lọ. Má ṣe jẹ́ kó dá ọ dúró sílé.

Èkejì: má ṣe yí orúkọ iṣẹ́ rẹ padà nítorí ẹnu àwọn ènìyàn. Mo ń sọ èyí fún ọ nítorí pé èmi ti yí i padà.

Láti ọdún tó kọjá tí o ti wà níbẹ̀, mo ń tijú. Ọmọ Bàbá Ṣadé méjì ni dókítà, ẹ̀kẹta ń ta oògùn ní ìlú Bowie. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, bí a ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó dá mi dúró níbi tí mọ́tò wà.

"Bàbá Fọlákẹ́, ọmọ wa ńkọ́? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe gan-an lọ́hùn-ún?"

"Ó wà ní ẹ̀ka àkọsílẹ̀."

"Àkọsílẹ̀ kí ni?"

"Àwọn nǹkan àtijọ́ tí a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó bàjẹ́."

"Ti ìjọba?"

Mo dákẹ́. Dídákẹ́ náà ló bà á jẹ́. Ó mi orí, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó yé mi. Ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́." Kí oṣù yẹn tó parí, gbogbo ìjọ ti gbà pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni ọ́. Ìyá Ṣadé kò tún bi mí léèrè rẹ mọ́; bí mo bá ń kọjá, wọ́n á kàn fi ojú kí mi. Mo sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ọmọ mi máa ṣọ́ àṣírí ìlú ju kó máa nu ìbọ̀wọ́ àtijọ́ tí òógùn ènìyàn ti gbẹ sí lára lọ. Dárí jì mí. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí parí sí, n ó sọ ọ́ tó bá yá.

Ẹ̀kẹta ló gùn jù, òun gan-an sì ni lẹ́tà yìí.

O jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà. O mú ìwé kan bọ̀ láti ilé-ìwé pé ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ bésíbọ́ọ̀lù, kí òbí ra ìbọ̀wọ́. Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe gbé bọ́ọ̀sì kalẹ̀, n kò tilẹ̀ bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́, mo gba ọ̀nà Suitland lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ gọ́ọ̀mù ló dá mi lóhùn.

"Ọwọ́ wo ni ọmọ yín fi ń ju nǹkan, sà?"

"Ọ̀tún. Ọmọ tí a kọ́ ni."

Ó mú ọ̀kan wá. Mo gbìyànjú rẹ̀, ọwọ́ òsì ló wọ̀.

"Rárá o. Èyí tó ń wọ ọwọ́ ọ̀tún ni mo fẹ́."

"Ti ọlọ́wọ́ òsì nìyẹn, sà."

"Ọmọ mi kì í ṣe ọlọ́wọ́ òsì. Ìdí tí mo fi fẹ́ ti ọ̀tún gan-an nìyẹn."

"Sà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Kò sí àlàyé níbẹ̀. Kí ni wọ́n ń fi ìbọ̀wọ́ yìí ṣe?"

"Wọ́n fi ń gba bọ́ọ̀lù."

"Ìwọ náà ti sọ ọ́. Nílé wa, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń gba nǹkan."

Ó wò mí, ó wo ìbọ̀wọ́, ó jẹ gọ́ọ̀mù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dì í fún mi. Mo jáde níbẹ̀ bí ẹni tó borí lẹ́jọ́. Mo dé ilé, mo sọ fún ìyá rẹ pé wọ́n fẹ́ ta ti ọwọ́ òsì fún mi, mo sì kọ̀, wọn kò lè fi ilẹ̀ àjèjì ba ẹ̀kọ́ ilé mi jẹ́. Mo pè ọ́. O kúnlẹ̀, o fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. O yí i síbí, o yí i sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà, o gbé ojú sókè wò mí, o ní, "Ẹ ṣeun, Dádì." Kò sí ohun mìíràn tí o sọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ariwo bẹ̀rẹ̀ lára ògiri ẹ̀yìn ilé. Gbì. Gbì. Gbì. Lójoojúmọ́, tí o bá ti dé láti ilé-ìwé, títí oúnjẹ alẹ́ fi ń jinná. Ohun tí mo ń rò kò ju pé ògiri yóò sán lọ. Lọ́jọ́ kan mo yọjú láti ojú fèrèsé ilé ìdáná, mo rí ọ tí o ń fi òsì ju bọ́ọ̀lù. Mo kígbe, "Fọlákẹ́, ọwọ́ òsì?" O gbé ìbọ̀wọ́ sókè hàn mí, o ní, "Dádì, ọ̀tún ò ṣófo."

Mo rò ó wò, ó bọ́gbọ́n mu. Mo gbà pé bí eré àwọn òyìnbó ṣe rí nìyẹn: ọ̀tún fún gbígbà, òsì fún jíjù. Ohun tí ènìyàn bá jù nù kò ṣáà nílò ọ̀wọ̀. O lè bi mí pé, ṣé n kò rí àwọn ọmọ yòókù ni? Àṣàkẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo wá wo eré rẹ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, inú mọ́tò ni mo sì wà, mo yí gíláàsì sókè, mo gbé orí lé sítíà, mò ń gbàdúrà kí bọ́ọ̀lù má fọ́ ọ lójú. Gbogbo ife ẹ̀yẹ tí o kó wálé, ìyá rẹ ló ń nù wọ́n. Èmi kò bi ọ́ rí pé kí ni o ṣe tí wọ́n fi fún ọ.

Mo wá dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yín. O mọ bí mo ṣe rí. Mo bi ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹta bóyá wọn kò ní fa mọ́tò wa lọ. Mo ń rìn wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́ kí bàtà mi má ba ilẹ̀ dídán yín jẹ́. Mo rí àwọn igi tí wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó bí bàbá mi, mo rí ẹ̀wù tí funfun rẹ̀ ti di àwọ̀ ẹyin, n kò rí ohun tó kàn mí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà a dé inú yàrá tí ìwọ fúnra rẹ tò, yàrá ìbọ̀wọ́, láti orí ilẹ̀ dé òkè ògiri. Awọ wọn ń dán bí ẹni pé ẹran wọn ṣì ń mí. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé, ẹni tó tọ́jú wọ̀nyí kò ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ.

Mo gbé ọwọ́ mi sí iwájú gíláàsì láti fi wọ̀n, bí ènìyàn ṣe ń wọn bàtà. Òsì. Mo bọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Òsì. Mo rìn dé òpin ògiri yẹn, òsì ni gbogbo wọn. Bàbá òyìnbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn dúró tì mí, mo bi í léèrè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ ti ọwọ́ òsì?"

"Òsì la fi ń gba bọ́ọ̀lù, ọ̀tún la fi ń jù ú."

"Gbogbo ènìyàn?"

"Àfi àwọn tí wọ́n bí ní ọlọ́wọ́ òsì. Wọn kò pọ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń wá wọn bí ẹni ń wá góòlù."

Mo yíjú sí ìyá rẹ. Ìyá rẹ mú mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà láàrin yàrá.

"Màmá Fọlákẹ́, ṣé o mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí?"

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ mú un wọlé."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Ọmọ ló ní kí n má sọ. Ó ní inú yín dùn jù lọ́jọ́ náà."

Mo jókòó síbẹ̀, mo ka ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ìka mi. Mo ronú nípa ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń fi ọwọ́ tí kò mọ nǹkan kan kọ́ nǹkan, lójoojúmọ́, lára ògiri, kí bàbá rẹ̀ má bàa mọ̀ pé òun ṣì í rà. Mo sì ń bínú sí i nítorí ògiri.

Ìgbà yẹn ni ọ̀gá rẹ, ìyá onírun funfun yẹn, pe gbogbo ènìyàn jọ síwájú àpótí onígíláàsì kan tó ṣófo. O jáde wá. Mo rí ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ, ìbọ̀wọ́ kékeré tí mo ti wá títí nínú yàrá abẹ́ ilé wa, tí ìyá rẹ ti fi ránṣẹ́ sí ọ ní ìkọ̀kọ̀. Ìka rẹ kò wọ inú rẹ̀ tán mọ́. O sọ fún wọn pé ọ̀gá ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ohun kan wá láti ilé. O sọ bí kóòṣì ṣe ní kí o dá ìbọ̀wọ́ náà padà sí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí o gbé e lọ. O ní, "Mo rò ó wò, mo sì rí i pé yóò rọrùn láti yí ọwọ́ mi padà ju kí n yí bàbá mi padà lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. O wá sọ fún wọn pé nígbà tí o dé ilé-ìwé gíga, àwọn tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kò mọ bí wọ́n ṣe máa dúró dè ọ́, nítorí pé ibi tí wọn kò fojú sí ni bọ́ọ̀lù rẹ ti ń bọ̀. O ní ní gbogbo ọdún tí o fi jù ú kẹ́yìn, kò sí ẹgbẹ́ tó borí yín. Èmi kò gbọ́ ọ rí, Àṣàkẹ́. Inú mọ́tò ni mo wà.

Bàbá ọlọ́pàá, mo ṣì í wí, bàbá tó ń fi ọ̀pá rìn, béèrè pé, "Bàbá náà dà?" O nawọ́, o tọ́ka sí mi lẹ́yìn. Gbogbo wọn yíjú, wọ́n pàtẹ́wọ́. N kò mọ ohun tí ènìyàn ń ṣe tí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ fún un, nítorí náà mo dìde, mo sọ pé, "Ẹ má bínú." Wọ́n tún pàtẹ́wọ́ sí i. O bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, o tẹ́ ẹ sínú àpótí, ọ̀gá rẹ fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Mo sún mọ́ ọn, mo wọ awò mi, mo ka ohun tí o kọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Èdè wọn lo fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo gbọ́:

Ìbọ̀wọ́ ọmọdébìnrin kan, District Heights, Maryland. Bàbá rẹ̀ ra ti ọwọ́ ọ̀tún, nítorí pé nílé wọn, a kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan.

N kò tíì sọ ìtàn yìí fún ọ rí. Olùkọ́ Yorùbá wa ní Ìbàdàn kì í fi ọ̀rọ̀ àmì ohùn ṣeré. Bí o bá ṣì í fi sí, yóò ní kí o dìde, kí o ka ohun tí o kọ gẹ́lẹ́ bí o ṣe kọ ọ́. Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ kọ ọ́ pé ọmọ gbọ́dọ̀ ní ìbọ̀wọ̀ fún òbí rẹ̀. Àmì tó yẹ kó lọ sílẹ̀, mo fà á sókè. Mo dìde, mo kà á sétí gbogbo kíláàsì: ọmọ gbọ́dọ̀ ní ìbọ̀wọ́ fún òbí rẹ̀. Oníbọ̀wọ́ ni wọ́n ń pè mí títí a fi jáde. Ojú tì mí nígbà náà. Nígbà tí mo dúró síwájú gíláàsì yẹn ni mo mọ̀ pé n kò ṣì í kọ. Ìbọ̀wọ́ ni mo rà fún ọ. Ìbọ̀wọ̀ ni o fi gbà á.

Ìmọ̀ràn tó wà nínú èyí, gbọ́ ọ dáadáa, nítorí pé kì í ṣe èyí tí o ń retí. Má ṣe é mọ́. Ohun tí o ṣe fún mi dára, n kò ní gbàgbé rẹ̀ láyé, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ni bàbá rẹ. Bí wọ́n bá gbé ohun tí kò bá ọ mu lé ọ lọ́wọ́ níbi iṣẹ́, sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o má fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbé e. Èmi náà ńkọ́? Bí mo bá tún ra ìràkurà, sọ fún mi. N ó bínú fún ọjọ́ méjì. Ọjọ́ kẹta, n ó dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Bí ọkùnrin kan bá sì wá sọ pé òun fẹ́ fẹ́ ọ, má wo bàtà rẹ̀. Fún un ní ohun tí kò bá a mu rárá, kí o wo bí ó ṣe gbà á.

Ẹ̀kẹrin. Àbí ẹ̀karùn-ún ni? Ìyá rẹ ti wá jókòó tì mí, ó ń rẹ́rìn-ín nọ́ńbà mi. Máa wo táyà kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀. Má ṣe fi ebi ṣiṣẹ́ nítorí ìbọ̀wọ́ ẹni tó ti kú. Wá ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn kì í pẹ́ jù, kí o lè máa lọ déédéé. Fèrèsé yàrá rẹ yẹn kò tì dáadáa. Mo fi ọwọ́ gbọ̀n ọ́n wò.

Mo ṣèlérí láti parí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Lánàá, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ dúpẹ́ jáde, mo jáde. Mo ní, "Ẹ̀yin ará, mo wá jẹ́wọ́. Ọmọ mi kì í ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́." Mo sọ iṣẹ́ rẹ fún wọn, mo sọ gbogbo rẹ̀, ti ṣọ́ọ̀bù, ti ògiri, títí dé orí àpótí onígíláàsì. Mo rò pé wọn yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fi gèlè nu ojú. Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Ṣadé bá mi níbi tí mọ́tò wà.

"Bàbá Fọlákẹ́, ìbọ̀wọ́ tí ẹ̀yin rà ló wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òyìnbó?"

"Òun ni. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi tì í."

"Ẹ̀yin tí ẹ ò gbá bọ́ọ̀lù rí?"

"N kò gbá a rí. Mo rà á ni."

"Wọ́n sì kọ yín síbẹ̀?"

"Wọ́n kọ ọ́ pé bàbá rẹ̀."

Ó ń yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Dókítà méjì ni mo bí. Kò sí ibì kankan tí wọ́n kọ mí sí."

N kò ṣe fáàrí. Mo fẹ́ ṣe é, ìyá rẹ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀nà láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ilé, mo yí gíláàsì mọ́tò sílẹ̀, mo gbé ìgúnpá síta bí ọ̀dọ́mọkùnrin. Ìyá rẹ ní òun kò rí irú rẹ̀ láti ọjọ́ tí òun ti mọ̀ mí.

Mo ti bi ìyá rẹ nípa ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Mo rò pé yóò dùn ún, nítorí pé òun ló bá ọ wá àyè yẹn. Ó bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé àga, ó ní, "Nọ́ọ̀sì kan ti tó nínú ilé yìí. Ẹ̀yin lẹ ní kí n wá a, mo wá a. Ẹ jẹ́ kí n padà lọ sọ fún wọn kí wọ́n fún ẹlòmíràn." Lọ́la ni ó ń lọ.

Nítorí náà, fọwọ́ sí i, Àṣàkẹ́. Fọwọ́ sí i lónìí tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, má ṣe jẹ́ kó sùn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀tún lo fi ń kọ̀wé, ọ̀tún ni kí o fi kọ orúkọ rẹ, kí o kọ ọ́ tán, gbogbo àmì ohùn rẹ̀.

Ó ku ọ̀kan tí n kò tíì sọ. Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí o nawọ́ sí mi láàrin àwọn àlejò, ọwọ́ òsì ni. Mo rí i. Kí n tó gbọ́ àtẹ́wọ́, òun ni mo kọ́kọ́ rí, ó sì gún mi láyà, nítorí pé àwọn bàbá wa ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ó ti di ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ń rò ó. Mo ti rò ó tán. Bí ẹnikẹ́ni bá tún bi ọ́ níbẹ̀ pé níbo ni ilé bàbá rẹ wà, ọwọ́ tó bá ṣófo ni kí o fi júwe rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
ẹni tó rà á.